Ẹ Ti Ọwọ́ Bọ Inú Ọkà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ríra Píkọ́ọ̀pù Àlòkù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ tí Ó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣòwò kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rírà. Ó kàn án púpọ̀. Ní Òkè-Ògùn wa níbí, láti Ìṣẹ́yìn dé Òkèhò, láti Ṣakí dé Ìgbòho àti Kíṣí, píkọ́ọ̀pù ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òun ni ó ń gbé iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kájú jáde láti inú oko tí ọkọ̀ kékeré kò lè dé. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá ti ta ìkórè ọdún méjì mẹ́ta, ohun tí ọkàn rẹ̀ máa ń fẹ́ ni kí òun náà ní ọkọ̀ tirẹ̀. Gbogbo owó tó ní láyé ni yóò dì sápò lọ sí ọjà ọkọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí yóò sì náà án láàárín wákàtí kan.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan tí a mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ọkùnrin méjì, àti àbúrò ọ̀kan nínú wọn lóbìnrin, ẹni tó ń ta gàrí. Wọ́n pa owó pọ̀, wọ́n sì ra píkọ́ọ̀pù ńlá kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e délé ni jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àfáà. Ìtàn wọn ni ó fa ẹ̀kọ́ yìí, a ó sì padà sí i.

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì òkìtì ọkà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kọjá lọ́jà, ó rí òkìtì oúnjẹ kan tí ojú rẹ̀ gbẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ẹni tó ni ín sọ pé òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń tan àwọn ènìyàn kì í ṣe ara wa. Nígbà tí a bá ka hádíìsì yìí, ẹni tó ń tà ni a máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa: Ànábì kò dúró lókèèrè kí ó máa wo ojú ọkà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ni. Kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan yẹ inú rẹ̀ wò kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé ọmọnìkejì, kò sì lòdì sí ìwà ọmọlúàbí.

Hádíìsì kejì tó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni ti ẹran tí wọ́n di ọmú rẹ̀. Ànábì kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti fi ràkúnmí tàbí àgùntàn sílẹ̀ láìfún wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ọmú rẹ̀ lè wú, kí olùrajà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń ní wàrà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mú un dúró bí ó bá wù ú, tàbí kí ó dá a padà pẹ̀lú òṣùwọ̀n sáà kan ti dàbínù nítorí wàrà tó ti fún. Àwa tí a ń gbé pẹ̀lú àwọn Fúlàní darandaran ní agbègbè yìí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé wọ́n ń di ọmú ọkọ̀ pẹ̀lú. Wọn a da ọ́ìlì tó nípọn ju bó ti yẹ lọ sínú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó kí ó má baà pariwo, kí èéfín rẹ̀ sì dínkù fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn a yọ gílóòbù iná tó ń fi àìsàn ẹ́ńjìnnì hàn kúrò. Wọn a kun abẹ́ ọkọ̀ ní dúdú kí ìpatà má baà hàn.

ÌWÉ ÀTI NỌ́ŃBÀ ṢÁÁSÌ

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ bèèrè ìwé. Ohun tí kì í ṣe ti ẹni kò ṣeé tà, bí wọ́n bá sì ta ohun tí wọ́n jí, ẹni tó ni ín ṣì ni ó ni ín níbikíbi tí ó bá ti rí i. Ẹni tó rà á ni yóò máa wá ẹni tó tà á fún un kiri. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 wá ní nọ́ńbà ṣáásì oníbíi 17, tí lẹ́tà àti òǹkà pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ẹ ó tún rí i lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó sì rí i lára irin ṣáásì fúnra rẹ̀. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu. A kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú nọ́ńbà yìí rárá, nítorí wọ́n jọ 1 àti 0. Bí ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀, ẹ yáa padà sílé. Bí nọ́ńbà bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà pọ̀. 2 jẹ́ ti Kánádà, 3 jẹ́ ti Mẹ́síkò, J sì jẹ́ ti Japan. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 5 jẹ́ 2005, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, F sì jẹ́ 2015. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu lásán sọ ọkọ̀ 2005 di 2008 fún yín. (Hilux tí wọn kò ṣe fún Amẹ́ríkà lè má tẹ̀lé ètò ọdún yìí, nítorí náà ẹ má fi bá ẹni tó ń tà á jà.)

Ọ̀rọ̀ bodè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣakí kò jìnnà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ sì ti gba Kùtọ́nù wọlé fún ọdún pípẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, tí wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ máa gba èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lè pọ́n lójú, kí owó rẹ̀ sì rọjú, ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “ẹ má ṣèyọnu, ìwé ń bọ̀,” ẹ sọ fún un pé owó náà ń bọ̀.

ÈWO NI KÍ A RÀ?

Ní ayé àwọn bàbá wa, Peugeot 504 ni gbogbo àgbẹ̀ mọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1975 ń tò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hilux gba ọjà. Lónìí, ojú àwọn ọ̀dọ́ wà lára àwọn ńlá ti Amẹ́ríkà, bíi Ford F-150 àti Toyota Tundra. Èmi kò kọ̀ wọ́n fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí títóbi tàn yín jẹ. Píkọ́ọ̀pù ńlá kò fi dandan lè rù ju kékeré lọ. Ọ̀pọ̀ Hilux ni wọ́n ṣe láti gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ F-150 kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbádùn ìdílé ni wọ́n fi sọ́kàn tí wọ́n fi ṣe sípíríìngì rẹ̀ ní rírọ̀. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó kọ iye kílò tí ènìyàn àti ẹrù pa pọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ kà á kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ẹ tún ro ti epo. Ẹ́ńjìnnì olórí mẹ́jọ lè mu lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 kìlómítà láìtíì gbé ẹrù kankan. Ojú ọ̀nà láti Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65. Lítà 10 ti lọ nìyẹn ní àlọ nìkan. Láti oṣù Kárùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, ìṣirò yìí ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lójú títì. Ẹ tún béèrè ibi tí ẹ ó ti rí páátì rẹ̀. Ti Hilux kò ṣòro rí, ṣùgbọ́n ti òmíràn, àfi kí ẹ dé Ládípọ̀ l'Ékòó, kí ọkọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí iṣu ń jẹrà lóko.

TI ỌWỌ́ BỌ INÚ RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní dùn yín bí ó bá rí ọ́ìlì, kí ẹ sùn sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Irin ṣáásì gígùn méjì tó gbé ọkọ̀ náà dúró ni ẹ̀mí píkọ́ọ̀pù. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òjò yìnyín ti ń rọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí ni ó sì ń jẹ irin láti inú wá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan tí iye rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là nítorí ìpatà ṣáásì Tacoma ti 2005 sí 2010 àti Tundra ti 2007 sí 2008. Irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé ọjà wa. Ẹ fi òòlù kékeré lu irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le a dún gan-an bí agogo. Èyí tó ti jẹrà a dún bòòbòò, àwọn ìpẹ́ a sì máa jábọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ìfura ni. Ojú ìjó-irin lára ṣáásì ju ìfura lọ, nítorí ó fi hàn pé ó ti kán tàbí pé ó ti jáàmù rí.

Bí ẹ ṣe wà lábẹ́ níbẹ̀, ẹ wo ewé sípíríìngì ẹ̀yìn. Bí ó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ewé kan nínú rẹ̀ tuntun ju àwọn yòókù lọ, ẹni tó ni ín ti gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Ẹ ká rọ́bà tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀.

Lára bọ́dì, ẹ mú òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé, kí ẹ máa gbé e kiri ara rẹ̀. Ibi tí kò bá ti mú, fílà ni pánẹ́bítà fi dí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣi ènìyàn fura o: láti ọdún 2015 ni Ford ti ń fi àlùmíníọ́ọ̀mù ṣe bọ́dì F-150, òòfà kò sì ní mú un níbikíbi.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí ni ó burú jù lójú tèmi, nítorí pé wáyà rẹ̀ kò ní gbádùn mọ́ láyé. Ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017 rì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì máa ń ta irú wọn ní gbàǹjo. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ ti fi ìlà sára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àwọn bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n ti dípatà, ẹ sì gbóòórùn inú rẹ̀. Bí òórùn tùràrí inú rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń fi bò.

Kí ẹ sọ ṣáájú pé kí wọ́n má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, wọ́n ti tan án, ẹ jókòó títí yóò fi tutù. Nígbà tó tutù ni kí ẹ ṣí radiétọ̀, kí ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń léfòó lórí omi rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ohun funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, omi ti wọnú ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n bá tan án, kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó, dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, funfun tó ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná jẹ́ omi. Kí kọ́kọ́rọ́ tó tan ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó tó kú lẹ́yìn náà. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti dí i lẹ́nu. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ibi tí rìwáyà lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Owó tí ẹ ó san fún un kò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Tundra tó ń lo ẹ́ńjìnnì 4.7 ní bẹ́líìtì tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní máìlì 90,000. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe é, bí kò bá sì sí ẹ̀rí, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ ó san.

Ọ̀rọ̀ máìlì náà kan wá. Mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í ka kìlómítà, máìlì ni ó ń kà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.6. Bí ó bá kọ 120,000, ó ti lé ní kìlómítà 190,000. Bí wọ́n bá sọ pé kò rìn púpọ̀, ẹ wo rọ́bà ojú bíréèkì: ẹsẹ̀ kì í parọ́. Lára táyà, òǹkà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Táyà lè ní ojú dáadáa kí ó sì ti gbó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wà á. Kì í ṣe yíyí po nínú ọgbà wọn o, kí ẹ wà á fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí ẹ sì gun òkè. Ibẹ̀ ni jíà tó ń yọ̀ ti máa ń fi ara hàn, nígbà tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti gbóná tán. Ọ́ìlì jíà tó dára máa ń pupa. Bí ó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ mọ̀ pé ìnáwó ń bọ̀. Bí ó bá ní agbára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi í sí i lójú ilẹ̀, kì í ṣe lórí ọ̀dà, kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́. Tàwọn tó ń lọ oko nígbà òjò ni mo ń wí.

LÁÀÁRÍN ẸNI TÓ Ń TÀ ÀTI ẸNI TÓ Ń RÀ

Bí ẹ bá ń dúnàádúrà, tí ẹnìkan ṣàdédé yọ tó ní òun yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ ní báyìí, ẹ fara balẹ̀. Kí ènìyàn máa gbówó lé ọjà tí kò fẹ́ rà, kí ó lè fi ti ẹlòmíràn, èèwọ̀ ni. Ànábì kọ̀ ọ́, òun sì ni wọ́n ń pè ní najash. Bákan náà ni mẹkáníìkì tí ẹ mú lọ. Ẹ san owó ọ̀yà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì jọ sọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ méjèèjì ti da ọ̀kan. Ẹ̀yin arábìnrin, owó yín ni owó yín ní ìlànà Islām, ẹ sì lè fi aṣojú ṣòwò bí ìyá wa Khadījah ti ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀yà aṣojú mulẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì fojú ara yín rí ọkọ̀ náà.

Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ọkọ̀ ni “bí ẹ ṣe rí i yìí ni mo ṣe tà á.” Ọ̀pọ̀ rò pé gbólóhùn yìí ti wẹ ẹni tó ń tà mọ́. Ìtàn kan wà nínú Muwatta ti Imām Mālik tó dáhùn ọ̀rọ̀ náà. Abdullāh ọmọ Umar ta ẹrú kan ní 800 dírámù, pẹ̀lú àdéhùn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àbùkù yòówù. Ẹni tó rà á ní àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí wọn kò sọ fún òun. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Uthmān, ó sì dájọ́ pé kí Abdullāh búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn náà nígbà tí òun tà á. Ó kọ̀ láti búra, ó gba ẹrú náà padà. Ara ẹrú náà wá yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tún un tà ní 1,500 dírámù. Ẹ rí i pé àdéhùn “bí ẹ ṣe rí i” kò gba ẹni tó mọ àbùkù tó sì fi pamọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah, èyí tó gùn jù nínú Àlùkùránì, kọ́ wa ní kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí òwò. Kí ìwé náà sọ nọ́ńbà ṣáásì, iye owó, àti gbogbo àbùkù tí wọ́n sọ fún yín. Kí ẹ tún fi sí i pé ẹ ní ẹ̀tọ́ ìdápadà fún ọjọ́ 3 kí ẹ lè dán an wò. Ní mádíhábì Imām Mālik tí a ń tẹ̀lé, irú àsìkò bẹ́ẹ̀ tọ́ níwọ̀n tí ohun náà bá gbà láti fi dán an wò, wọn kò sì gbà kí a fi í ṣe àdéhùn pé olùrajà gbọ́dọ̀ san owó nígbà tí àsìkò náà kò tíì pé. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ mú àsansílẹ̀ wá, tí òun yóò sì jẹ ẹ́ bí ẹ bá padà, ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan Imām Mālik, kò gbà á.

Àwọn mẹ́ta tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè ní ìwé, wọ́n sì ní ẹlẹ́rìí. Jíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Mẹkáníìkì ilé wọn sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an pé àìsàn àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n àsìkò iṣu ni, owó ń wọlé, wọ́n sì ní kí àwọn ṣì fi kó díẹ̀ lọ sí Bódìjà ná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kó o. Nígbà tí jíà kú pátápátá lójú ọ̀nà, wọ́n fà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ó kọ̀, wọ́n sì gbé e wá síwájú àwọn àfáà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wọ́n: “Lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀, ǹjẹ́ ẹ tún lò ó?” Wọ́n ní àwọn lò ó. Àwọn àfáà ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá mọ àbùkù ọjà tó sì tún ń fi jèrè ti fi hàn pé òun gbà á bẹ́ẹ̀. Ìrìn kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a fi ń wà á padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ti gbé e padà ní ọjọ́ kẹta yẹn, owó wọn ni wọn ì bá gbà. Àbúrò wọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.